Èyí Tí A Dá Sí

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọgbọ́n lára afòpiná kékeré kan, tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ ewé kábéèjì. Ní ọdún 1953 ni ìròyìn ti erékùṣù Java wá pé oògùn DDT kò ràn án mọ́. Kí ni ó fà á? Oògùn náà pa púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ tí agbára rẹ̀ kò ká, àwọn ni ó bí ìran tí ó tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìrònúpìwàdà aláàbọ̀. Bí a bá kọ olè jíjà sílẹ̀, tí a sì dá ojúkòkòrò sí, òun ni yóò bí olè mìíràn tí ìbáwí kì yóò ràn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọkàn wa wò dé abẹ́ ewé. Àmín.