Oyin àti Oògùn Apakòkòrò: Ìkìlọ̀ fún Àwa Oníṣòwò

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun Ọba ni, Ẹni tí ó fi orúkọ oyin sọ Súrà kẹrìndínlógún nínú Al-Kùránì. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìláàmù, nínú Súrà An-Nahl, àyà 68 àti 69, Ọlọ́hun jẹ́ kí a mọ̀ pé Òun ni ó kọ́ oyin ní ibi tí yóò kọ́lé sí, àti pé ìwòsàn wà nínú ohun tí ó ń ti inú rẹ̀ jáde. Nínú hàdíìsì tí Abu Dawud gbà wá, oyin wà nínú ẹ̀dá mẹ́rin tí Ànábì kọ̀ fún wa láti pa.

Ṣùgbọ́n oyin ń dín kù ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ní ọdún 2006 ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń sin oyin ṣí ilé oyin, wọ́n bá ìyá oyin níbẹ̀, àwọn oyin òṣìṣẹ́ ti lọ. Kì í ṣe oògùn nìkan ni ó fà á: àrùn wà níbẹ̀, kòkòrò tí ń mu oyin lára wà níbẹ̀, igbó tí a ń pa run náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ oògùn wà nínú rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní imidacloprid, irúgbìn a máa fà á mu títí dé inú òdòdó. Oyin tí ó bá jẹ ẹ́ lè má kú lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè ṣìnà ilé. Nítorí èyí ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe fi òfin de òun àti méjì mìíràn ní oko gbangba ní ọdún 2018.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Oyin ni ó ń mú kí ẹ̀gúsí àti kaṣú so dáadáa. Bí kò bá sí oyin, kì í ṣe oyin inú ìgò nìkan ni a ó pàdánù, ọbẹ̀ náà yóò wọ́n.

Ní February 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Bridge Head pa fún ìgbà díẹ̀ nítorí ayédèrú oògùn. Ẹni tó ṣe é àti ẹni tí kò ṣe é ni wọ́n jọ jìyà. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn oko, ẹ má ṣe dà á sínú ìgò tí kò ní orúkọ. Ẹ sọ fún oníbàárà pé kí ó má fọ́n ọn nígbà tí òdòdó bá là. Ìrọ̀lẹ́, tí oyin ti wọlé, ni kí ó fọ́n ọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko nílé, ẹ kìlọ̀ fún àwọn alágbàṣe yín. Èrè tí a jẹ lórí ìpalára ẹlòmíràn kò ní alùbáríkà.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olùtọ́jú rere lórí ilẹ̀ Rẹ̀. Áàmín.