Ta Ni Ó Ń San Owó Ọjọ́ Ìsinmi Àlejò?

Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n gbà pé ọjọ́ tí ènìyàn bá fi rìn káàkiri ìlú onílùú láìṣe iṣẹ́ kan, òfò ni. Àwọn mìíràn sì ń wí pé, bí a kò bá ní wo ìran, kí ni a bá lọ sí òkè-òkun fún? A kò ní bá ìhà méjèèjì jiyàn, nítorí ìsinmi yẹ ọmọ ènìyàn, ojú tí ó sì rí ohun tí ó dára kò jẹ̀bi. Ìbéèrè tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, fi ọkàn rò ni èyí: nígbà tí àlejò bá ń sinmi lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ta ni ó ń san owó ìsinmi náà?

Ẹ jẹ́ kí a mú Greenwich ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibi ìgbafẹ́ tí ó dára ni. Lórí òkè tí ó wà nínú ọgbà ńlá ibẹ̀ ni ilé ìwòràwọ̀ kan wà, èyí tí Ọba Charles Kejì dá sílẹ̀ ní ọdún 1675. Ní ọdún 1884, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Washington ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì fi ọwọ́ sí i pé ìlà tí ó gba ibẹ̀ kọjá ni kí a máa fi ka ayé sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Àwọn àlejò a máa gbé ẹsẹ̀ kan sí ìhà kìíní ìlà náà, wọn a gbé èkejì sí ìhà kejì, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín. Lórí òrùlé ilé náà ni bọ́ọ̀lù pupa kan wà tí a ti ń lò láti ọdún 1833. Bí ó bá ku díẹ̀ kí agogo kan ọ̀sán lù, a gun òpó rẹ̀ lọ sókè. Bí agogo kan bá sì lù, a já wálẹ̀. Òun ni àwọn ọ̀gá ọkọ̀ tí ó wà lójú odò Thames ń wò láyé àtijọ́ kí wọn tó tún agogo wọn ṣe.

Ní ìsàlẹ̀ òkè náà, létí odò, ọ̀nà kan wà tí a gbẹ́ gba abẹ́ omi, tí a ṣí ní ọdún 1902. Ènìyàn a sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, a máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ, odò Thames a sì máa ṣàn lókè orí rẹ̀, títí yóò fi yọ ní òdì kejì. A kò gbẹ́ ẹ nítorí àwọn tí ń ṣe fàájì. Nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbé ìhà gúúsù ni a ṣe gbẹ́ ẹ, kí wọn lè máa gba ibẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ wọn ní èbúté ọkọ̀ lódì kejì. Nítorí náà, ohun tí ó jẹ́ eré fún àlejò lónìí jẹ́ ọ̀nà iṣẹ́ òòjọ́ fún ẹlòmíràn nígbà kan rí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn ọ̀rẹ́ tí ó ń mú wa kiri. Kò ṣọ̀wọ́n láti rí ènìyàn wa níbẹ̀ tí a ń san owó fún ní wákàtí-wákàtí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá yọ ọjọ́ kan sílẹ̀ nítorí àlejò, owó ọjọ́ náà lè ti lọ. Bí ó bá sì ti ibi iṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó dé ní òwúrọ̀, tí ó wẹ̀, tí ó wọ aṣọ tí ó dára, tí ó sì wí pẹ̀lú ẹ̀rín pé, “Ó yá, ẹ jẹ́ kí a lọ,” oorun rẹ̀ ni ó fi ta wá lọ́rẹ. Òun kò ní sọ ọ́. Àwọn àgbà sì ti wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. A ń wo bọ́ọ̀lù lórí òrùlé, a kò wo ojú ẹni tí ó dúró tì wá, tí oorun ń kùn.

Ẹnìkan lè dáhùn pé ọ̀rọ̀ yìí ń sọ ọ̀rẹ́ di òwò. Láàrin àwa Yorùbá, a kì í bi olùgbàlejò léèrè iye tí ó ná. Bí a bá sì kọ̀ láti bá a jáde, ó lè dùn ún dọ́kàn, nítorí ó ti ń fojú sọ́nà láti fi ibi tí ó ń gbé han ará ilé. Òtítọ́ ni. Ẹ̀bùn tí a bá dá padà a máa dójú ti ẹni tí ó fi í fúnni. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a má ṣe ka iye owó ẹ̀bùn. Ọ̀tọ̀ ni kí a má tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀bùn ni. Èyí àkọ́kọ́ ni ìwà ọmọlúwàbí. Èyí èkejì ni àìmoore, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò gbèrò rẹ̀.

Ǹjẹ́ kí ni ojúṣe àlejò? Kí ó kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sinmi, kí ó sì fi ètò tirẹ̀ sí abẹ́ ti onílé. Bí ibi mẹ́rin bá wà láti wò, kí ó wo ẹyọ kan, kí ó sì fi ìyókù ọjọ́ náà jókòó lórí koríko, kí wọn jọ máa sọ̀rọ̀ ilé. Ó lè jẹ́ pé olúwarẹ̀ ti gbé ìlú náà fún ọdún púpọ̀ tí kò ráyè gun òkè yẹn rí. Nígbà náà ni wíwá àlejò di ìsinmi fún àwọn méjèèjì. Bí ebi bá dé, kí àlejò tètè na ọwọ́ sí àpò tirẹ̀. Bí ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá sì ń wúwo, kí ó sọ pé ẹsẹ̀ ń ro òun, kí wọn lè tètè padà sílé. Kí ó má ṣe yọ ìwé gígùn jáde, tí ó kún fún orúkọ bàtà àti aṣọ tí àwọn ará ilé ní kí ó bá àwọn rà.

Òkè Greenwich yóò wà níbẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Ilé ìwòràwọ̀ náà lè sọ wákàtí fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kò lè fún ẹnikẹ́ni ní wákàtí kan. Ẹni tí ó bá fún wa ní wákàtí, inú ọjọ́ ayé tirẹ̀ ni ó ti yọ ọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti òkè-òkun dé, kí ó tó máa fi àwòrán ìlú han àwọn ènìyàn, kí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ó jókòó dáadáa, kí ó sì sọ fún un bí ara ọmọ rẹ̀ ti le sí, irú oúnjẹ tí ó ń jẹ, àti bí ó ti ṣe ìtọ́jú àlejò rẹ̀.