Ìbẹ̀rù Ajá Lóru Ọdún Tuntun ní Lomé

Ìbéèrè kan wà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn àti àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ìyẹn ni bóyá ènìyàn jẹ ẹranko ní gbèsè kankan nígbà tí ohun tó ń da ẹranko náà láàmú kì í ṣe ebi, tí kì í ṣe ọgbẹ́, bí kò ṣe ìbẹ̀rù nìkan. Ní ìlú Lomé, olú ìlú Togo, ìbéèrè yìí a máa yọjú lóru ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn ìjọ Kristẹni bá ń ṣe àìsùn ọdún tuntun, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń yin báńgà, ìyẹn ètù tí wọ́n dì sínú bébà tó máa ń dún gbàmù bí iná bá kàn án. Lóru náà, ajá kékeré a wọ abẹ́ ibùsùn lọ, a máa gbọ̀n, a máa mí hẹlẹhẹlẹ, itọ́ a máa dà lẹ́nu rẹ̀, bí wọ́n bá sì na ẹran sí i, kò ní wò ó.

Ìró kan náà ni ènìyàn àti ajá ń gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ìró náà ń fi ojú wọn rí yàtọ̀. Etí ènìyàn kì í kọjá nǹkan bí 20,000 hertz, èyí tí í ṣe òṣùwọ̀n iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí etí ajá a máa lé ní 40,000. Síbẹ̀, etí kọ́ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ènìyàn mọ̀ pé ọdún ló dé, ó mọ ìgbà tí ariwo yóò bẹ̀rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ilẹ̀ yóò mọ́ bá òun. Ajá kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. René Descartes, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pé ẹranko kò yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tí kò ní ọkàn tó ń ronú, àmọ́ ní 1789 Jeremy Bentham ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí ìbéèrè náà padà, ó ní bóyá ẹranko lè jìyà ló yẹ kí a máa wádìí, kì í ṣe bóyá ó lè ronú. Ọ̀rọ̀ Bentham tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò dé òpin, nítorí pé àìlóye tí àwọn ènìyàn fi ń fojú kéré ìyà ẹranko gan-an ló ń bù kún ìyà náà: ẹni tí kò mọ ìdí ìbẹ̀rù rẹ̀ kò lè rí òpin rẹ̀. Ẹni tó wá mọ ìdí náà, tó sì ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ajá náà, òun ni gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Yorùbá, ní Lomé àti níbòmíràn, kì í fẹ́ kí ajá fara kàn wọ́n nítorí àlùwàlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlànà òfin Ìsìláàmù tí a ń pè ní Màlíkì, tó gbilẹ̀ jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò ka ajá sí ohun aláìmọ́. Nínú hádíìsì, a ròyìn ọkùnrin kan tó mu omi tán nínú kànga, tó rí ajá tí òùngbẹ ń gbẹ, tó sì padà wọ inú kànga lọ fi bàtà rẹ̀ bu omi fún un, tí Ọlọ́run torí èyí dárí jì í. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni ohun tó mú un ṣe é: ó rí i pé òùngbẹ tó gbẹ òun ló ń gbẹ ajá náà. Ibi kan náà ni òwe Yorùbá ń tọ́ka sí nígbà tó sọ pé ẹni tí yóò bá yọ igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kó mọ bí ó ti ń dùn.

Àtakò kan wà sí ọ̀rọ̀ gbèsè yìí tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ajá ni ẹbọ Ògún, ẹni tí àwọn Fọn àti àwọn Ewe ń pè ní Gu, orí ajá gbígbẹ sì wà lórí àtẹ ní ọjà Akodésséwa ní Lomé, níbi tí àwọn oníṣègùn ti ń ra èròjà. (Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí pé ìkẹ́ ni àwọn baba ńlá fi gbogbo ajá ṣe, kó má gba ọjà yẹn kọjá.) Ṣùgbọ́n ẹbọ ní ẹni tí a ń rú u sí, ó ní ìdí, ó sì ní ìlànà, nígbà tí ìjayà tí báńgà ń dá sílẹ̀ kò ní olùgbà kankan. Àwọn Yorùbá ní ajá tó rí mọ́tò tó dúró dè é, ara rẹ̀ ló fi bọ Ògún, àmọ́ ajá tí báńgà lé jáde sí títì kò dúró de ohunkóhun. Wọ́n lé e débẹ̀ ni.

Lomé fúnra rẹ̀ sì ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìtàn ìbílẹ̀ Bè, tó wà lára àwọn ibùdó tó pẹ́ jù ní ìlú náà, sọ pé àwọn tó sá kúrò ní ìlú Notsé ló tẹ̀ ẹ́ dó, pé igbó ni wọ́n fi ṣe ibi ìsápamọ́, àti pé òrìṣà wọn, Nyigblin, ka ariwo, ìlù àti ìró ìbọn léèwọ̀. Lójú àwọn tó ti mọ ohun tí sísá jẹ́, ìdákẹ́jẹ́ jẹ́ ààbò, ẹ̀sìn sì lè dáàbò bo ẹni tí ẹ̀rù ń bà gẹ́gẹ́ bó ti lè fi ariwo yin Ọlọ́run.

Bí a ṣe ń san gbèsè náà kì í ṣe àdììtú. Ajá ọdẹ kì í sá fún ìbọn, nítorí pé láti kékeré ni ìró ìbọn ti ń ṣáájú ìpín rẹ̀ nínú ẹran. Ọ̀nà yìí kan náà ni àwọn dókítà ẹranko ń gbà tọ́jú ajá aláyà jíjá, tí wọ́n ń ní kí olówó rẹ̀ fi ẹ̀rọ gbé ìró báńgà jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kó máa fún un ní ẹran lẹ́yìn ìró kọ̀ọ̀kan, kó sì máa gbé ohùn náà sókè díẹ̀díẹ̀. Lóru ọjọ́ náà gan-an, yàrá àárín ilé tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, rédíò tó ń sọ̀rọ̀ àti ọwọ́ olówó rẹ̀ lára rẹ̀ a máa ràn án lọ́wọ́. Àwọn tó gbà pé gbígbé ajá mọ́ra yóò sọ ọ́ di ojo ṣì í mú, nítorí pé a kì í fi ìtùnú kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìbẹ̀rù.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni ó fi òtítọ́ inú ènìyàn hàn. Oògùn àtijọ́ kan wà, acepromazine, tó máa ń mú ara ajá rọ̀ títí tí kò fi ní lè gbọ̀n tàbí sá, ṣùgbọ́n tí kì í mú ìbẹ̀rù náà kúrò. Ilé pa rọ́rọ́, olówó ajá sùn, ajá náà sì wà nínú ìjayà láìlè fi í hàn. Ẹni tó bá fún ajá ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ nìkan, ara rẹ̀ ló tọ́jú. Dókítà ẹranko mọ àwọn mìíràn tó ń dín ìbẹ̀rù kù ní tòótọ́, bíi dexmedetomidine tí a ń fi sí àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2015. Oògùn ìrora ti ènìyàn, bíi ibuprofen, lè pa ajá. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ìró ń gbà, nítorí náà oṣù Kẹsàn-án ló yẹ kí olówó ajá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, yàrá àárín ilé àti oògùn dókítà nìkan ló kù fún un.