ÀWỌN TÍ Ó GBÉ IBÙSÙN NÁÀ

Bíbélì Kíkà: Máàkù 2:1-12
Fún àṣàrò: Máàkù 5:25-34, Gálátíà 6:2

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lẹ́ẹ̀kan yìí, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń sá fún ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn arọ inú ìwé Máàkù orí kejì. Ilé kún ní Kápánáúmù, kò sí àyè lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan wà tí kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ Jésù. Ẹni mẹ́rin ni ó gbé e. Nígbà tí wọn kò rí ọ̀nà gbà wọlé, wọ́n gun òrùlé, wọ́n dá a lu, wọ́n sì sọ aláìsàn náà kalẹ̀ tòun ti ibùsùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun méjì. Èkíní, Máàkù kò dárúkọ àwọn mẹ́rin náà fún wa, kò sì sọ bóyá ìbátan rẹ̀ ni wọ́n tàbí aládùúgbò. Èkejì, ìgbàgbọ́ àwọn tí ó gbé e ni ó sọ pé Jésù rí. Ẹsẹ̀ méjì tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́jọ mìíràn gbé e dé ọ̀dọ̀ Olúwa.

IBÙSÙN KAN NÍ AMẸ́RÍKÀ

Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kay Yow. Ọdún 1942 ni a bí i ní Gibsonville, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ó ṣe: ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní básíkẹ́tì. Ní ọdún 1975 ni ó dé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ North Carolina ní ìlú Raleigh, ẹnu iṣẹ́ náà ni ó sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọmọlẹ́yìn Kristi ni, kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún 1987, nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 45, àwọn dókítà rí àrùn jẹjẹrẹ ní ọyàn rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ní ọdún kejì, 1988, ó kó àwọn obìnrin Amẹ́ríkà lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì ní Seoul, ní ilẹ̀ Kòríà, wọ́n sì gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà bọ̀. Ọdún ń gorí ọdún. Àfi bí àrùn náà ṣe tún padà ní ọdún 2004. Ó ń gba ìtọ́jú, ó ń ṣiṣẹ́. Ìgbà kan dé tí ó ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ kí ó lè sinmi. Nígbà tí ó padà ní oṣù kìíní ọdún 2007, okùn píǹkì ni àwọn ọmọbìnrin tí ó ń kọ́ fi so bàtà wọn, nítorí pé àwọ̀ píǹkì ni a fi ń ṣe ìrántí jẹjẹrẹ ọyàn káàkiri ayé. Ní oṣù kejì ọdún náà, lọ́jọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí borí ẹgbẹ́ kan tí ó wà lára àwọn tí ó lágbára jù lọ ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ọdún 2007 yìí kan náà ni òun àti ẹgbẹ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti àwọn obìnrin dá àpò owó kan sílẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, Kay Yow Cancer Fund. Iṣẹ́ àpò owó náà ni láti ran àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìwádìí àwọn jẹjẹrẹ tí ń kọlu obìnrin, kí ó sì ran àwọn tí kò ní lọ́wọ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí kì í fẹ́ kí ẹnì kejì borí wọn rárá, ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni kì í di ìjà láàárín wọn. Wọn a ya ọjọ́ eré kan sọ́tọ̀ tí wọ́n ń pè ní Play4Kay. Àwọn tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù a wọ píǹkì, àwọn òǹwòran a dá owó. Ní Raleigh, nígbà ìsinmi àárín eré, wọn a pe àwọn obìnrin tí ó ti la àrùn jẹjẹrẹ kọjá jáde sí àárín pápá, gbogbo ènìyàn a sì dìde dúró, wọn a pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 2009 ni Kay Yow kú, ní ẹni ọdún 66. Títí di òní, wọn kò sọ ibùsùn náà kalẹ̀.

Ẹ wò ó, àwọn obìnrin wọ̀nyí kì í ṣe dókítà. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n mọ̀. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi gbé ẹnì kejì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

IBÙSÙN TÍ A KÒ GBÉ

Ó di dandan kí a sọ tiwa náà. Nínú ẹgbẹ́ wa, arábìnrin kan wà tí ó máa ń dá orin fún wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Bí ó ṣe ń wẹ̀ lọ́jọ́ kan ni ó kan kókó kan ní ọyàn rẹ̀. Kò dùn ún, nítorí náà ó rò pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni ó fi bá wa ṣe ìpàdé, tí ó bá wa se oúnjẹ ìkórè, tí kò sọ fún ẹnìkan. Ìgbà tí ó di egbò, tí kò ṣe é bò mọ́, ni a tó mọ̀. Àwọn kan nínú wa ní ayé ló ń ṣe é. Àwọn kan rọra ń yí ìjókòó padà. Nígbà tí ó fi máa dé ilé ìwòsàn, àrùn náà ti tàn ká ara. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wá owó kiri, owó náà kò sì tó.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kú, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni gbogbo wa fi ra aṣọ kan náà tí a sì rán an. Lẹ́yìn ìsìnkú, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ní: “Ẹ ṣé o, ẹ̀yin màmá. Aṣọ yín dára. Ká ní màámi rí ìdajì owó rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà láàyè ni.” Kò sí ẹni tí ó rí èsì fọ̀ nínú wa. Títí di òní, ó nira fún àwọn kan nínú wa láti wọ aṣọ náà.

Nígbà tí ó yá, a bi ara wa pé, kí ló dé tí kò fi sọ fún wa? A rí i pé ẹnu wa ló lé e sá. Ó ti gbọ́ wa rí tí à ń wádìí ẹ̀ṣẹ̀ tí aláìsàn kan ṣẹ̀. Ó ti rí wa tí a máa ń ta ìka sórí, tí à ń wí pé “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́,” bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ àrùn náà. Ẹni tí ó ti sàn nìkan ni a máa ń fún láyè kí ó jẹ́rìí. Ẹni tí ó ṣì wà lórí ibùsùn kò ní àyè láàárín wa.

Ẹ rántí obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ nì. Ọdún méjìlá ni ó fi jìyà, ó ná gbogbo ohun ìní rẹ̀, ẹ̀yìn ni ó sì gbà wá, ní ìkọ̀kọ̀. Olúwa kò jẹ́ kí ó lọ ní ìkọ̀kọ̀. Ó dúró, ó béèrè, títí obìnrin náà fi sọ gbogbo òtítọ́, ó sì pè é ní ọmọbìnrin òun lójú gbogbo ènìyàn. Ó wo àrùn sàn, ó sì wẹ ìtìjú nù. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní pápá Raleigh jọ èyí. Ǹjẹ́ inú ilé Ọlọ́run kọ́ ni ó yẹ kí irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀?

ÌGBÀGBỌ́ ÀTI ÌTỌ́JÚ

Ẹnìkan lè wí pé ẹni tí ó bá lọ sọ́dọ̀ dókítà kò ní ìgbàgbọ́. Ìyẹn kọ́ ni a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa. Ní ọdún 1746, John Wesley ṣí ibì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí a ti ń fún àwọn aláìní ní oògùn. Ní ọdún 1747, ó tẹ ìwé kan jáde nípa ìwòsàn, kí mẹ̀kúnnù lè mọ bí a ti ń tọ́jú ara. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, àwọn Mẹ́tọ́díìsì ni ó dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà kí ó tó di ti ìjọba. Àwọn mẹ́rin inú Máàkù gbàgbọ́, síbẹ̀ wọ́n gun òrùlé. Àdúrà wa kò gbọ́dọ̀ jẹ́ àwáwí láti jókòó.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé jẹjẹrẹ ọyàn kì í ràn. Kì í ṣe arúgbó nìkan ni ó ń mú. Láàárín wa níhìn-ín, ó ń mú ọ̀pọ̀ tí kò tí ì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Kókó ní ọyàn tàbí ní abíyá, awọ ọyàn tí ó sún kì tàbí tí ó rí bí èèpo ọsàn, orí ọyàn tí ó wọlé lójijì, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tí ń jáde níbẹ̀ láìṣe pé à ń fún ọmọ lọ́yàn: ẹni tí ó bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò sọ èyí tí ó jẹ́. Bí a bá tètè rí i, ìtọ́jú a máa ṣiṣẹ́ gidigidi. Ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọbìnrin wa: láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ.

Ní ti ẹgbẹ́ wa, a ti fẹnu kò sí ohun mẹ́ta. A kò ní ra aṣọ ẹgbẹ́ fún ìsìnkú mọ́. Owó rẹ̀ yóò máa wọ àpò ìtọ́jú aláìsàn. Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, nọ́ọ̀sì yóò máa kọ́ wa bí a ṣe ń yẹ ọyàn wò. Bí arábìnrin kan bá sì ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹni méjì yóò bá a lọ, kò ní dá lọ.

Ẹnìkan yóò béèrè pé, Kay Yow náà ṣáà kú, èrè wo ló wà níbẹ̀? Òtítọ́ ni. Arọ tí ó rìn lọ sílé ní Kápánáúmù, òun náà padà kú lọ́jọ́ kan. Ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ ni Jésù kọ́kọ́ fún un kí ó tó fún un ní ẹsẹ̀, èyíinì ni ikú kò sì lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kay Yow ti gba ohùn àti àwòrán ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kú, wọ́n sì gbé e jáde níbi ìsìnkú rẹ̀. Ìdúpẹ́ ni ó ṣe fún ayé tí ó gbé, ó sì pe àwọn tí ó wá sọ́dọ̀ Kristi. Ẹni tí ènìyàn gbé títí dé ẹnu ọ̀nà nìyẹn, tí Olúwa wá gbà á wọlé.

Arábìnrin wa, tí ìwọ ń ka ìwé yìí tí o sì ti mọ̀ pé ohun kan wà lára rẹ, sọ ọ́ lónìí. Ẹ̀yin tó kù, ẹ di ibùsùn náà mú.

ÀDÚRÀ: Baba wa ọ̀run, dárí jì wá nítorí àwọn tí a kò gbé. Mú ìtìjú kúrò láàárín wa, fún àwọn oníṣègùn ní ọgbọ́n, kí o sì fi ọwọ́ ara rẹ gba gbogbo ẹni tí a gbé wá sọ́dọ̀ rẹ. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ
1. Ọ̀rọ̀ ẹnu wo ni a máa ń sọ tí ó lè mú kí arábìnrin kan fi àìsàn rẹ̀ pamọ́?
2. Èló ni ẹgbẹ́ wa ná sórí aṣọ ní èṣí? Èló ni a ná sórí aláìsàn?
3. Ta ni ó wà lórí ibùsùn ní àdúgbò wa báyìí, àwọn mẹ́rin wo ni yóò sì gbé e?