Ǹjẹ́ Gbèsè Wà Lọ́rùn Ẹni Tí Ó Ti Gba Tirẹ̀ Tán?

Ìbéèrè kan ni a gbé wá lóṣù yìí. Bí ènìyàn bá gba ohun rere lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, tí olúwarẹ̀ kò sì bèèrè nǹkan kan padà, ǹjẹ́ gbèsè ṣì wà lọ́rùn ẹni tí ó gbà á?

Torrent ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí àwọn kan nínú yín fi ń gba ìwé àti wáàsí sórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Bram Cohen ni ó gbé e jáde ní ọdún 2001. Kò sí ilé ìṣúra kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn ti ń lọ gba nǹkan. Ńṣe ni a gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, ẹni tí ó bá sì ti rí ègé kan gbà yóò máa fún ẹlòmíràn nínú rẹ̀ bí òun náà ti ń wá ìyókù. Ẹni tí gbogbo rẹ̀ ti pé sí lọ́wọ́, tí ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí kí àwọn mìíràn lè rí i gbà, ni wọ́n ń pè ní seeder, bí ẹni tí ń fúnrúgbìn. Bí gbogbo àwọn bẹ́ẹ̀ bá lọ, tí ègé kan ṣoṣo kò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn tí ń gbà á lè dúró sí 99 nínú 100, kò sì ní í kún títí ẹnì kan yóò fi padà wá. Bí ẹnikẹ́ni kò bá padà, ìwé ti kú nìyẹn, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn baba wa mọ àáró. Oko Lágbájá lónìí, oko Tàmẹ̀dù lọ́la. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ bá ro oko, tí kò sì yọjú sí oko ẹlòmíràn, gbogbo ìlú ni yóò mọ orúkọ rẹ̀. Torrent kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fún wa ní ègé ìwé lè wà ní Kàíró tàbí ní Jàkátà, kò mọ̀ wá, kò sì ní í mọ̀ wá. Ẹni tí ó gba fáìlì tí ó sì pa ẹ̀rọ rẹ̀ kò tilẹ̀ mú ohunkóhun kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé sàárà ni ẹni tí ó fi í sílẹ̀ ṣe, a kì í sì í san sàárà padà.

A gbà pé a kì í san án padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ó fún wa ni a jẹ ní gbèsè, ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Nínú Súúrà Al-Mā‘ūn, Ọlọ́hun bá àwọn tí ń fi ohun èlò du ọmọnìkejì wọn wí. Àwọn onítafusíírù fi ìkòkò, garawa àti àáké ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, àwọn ohun tí a ń yá aládùúgbò tí yóò sì padà sọ́wọ́ wa. Fáìlì tilẹ̀ rọrùn ju garawa lọ, nítorí kò kúrò lọ́wọ́ wa rárá nígbà tí ẹlòmíràn ń lò ó.

Báwo wá ni gbèsè náà ti wúwo tó? Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní ilé-kéwú rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ fíqíhì wúlò níbí. Wọ́n ní ọ̀ranyàn kan wà tí ó jẹ́ ti gbogbo ìjọ lápapọ̀, irú bíi kíkírun sí òkú lára: bí àwọn kan bá ti ṣe é, ó ti bọ́ lọ́rùn ìyókù. Ṣùgbọ́n bí ó bá ku ẹnì kan ṣoṣo tí ó lè ṣe é, ó di ọ̀ranyàn tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ènìyàn 600 bá di fáìlì kan mú, tí ẹnì kan nínú wọn sì lọ sùn, kò sí ohun tí yóò bàjẹ́. Bí ó bá ku òun nìkan, tí ó sì pa ẹ̀rọ rẹ̀, ìwé náà ni ó pa. Ewu ibẹ̀ ni pé gbogbo àwọn 600 náà lè máa rò pé ìyókù ṣì wà níbẹ̀, kí gbogbo wọn sì lọ. Nídìí òkú, ènìyàn lè ní òun kò mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn. Nídìí torrent, àwáwí yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí iye àwọn tí ó di fáìlì náà mú ń hàn lójú ẹ̀rọ. Ká wò ó ni ó kù.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1964, Yunifásítì Ìbàdàn dá ibùdó kan sílẹ̀ fún àkójọ ìwé Lárúbáwá. Wọ́n ń yá ìwé àfọwọ́kọ lọ́wọ́ àwọn ààfáà, wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ sórí fíìmù, wọ́n sì ń dá ìwé padà fún ẹni tí ó ni ín. Ìwé tí ó wà nínú àpótí ilé kan ṣoṣo wá di èyí tí ó wà ní ibi méjì, ikán àti òjò ilé kan kò sì lè pa á run mọ́. Àwọn ará Tìmbúkútù mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó, nítorí pé ní oṣù kìíní ọdún 2013 àwọn agbébọn tí ó gba ìlú wọn dáná sun ìwé ní ibùdó Ahmed Baba kí wọ́n tó sá lọ.

A mọ̀ pé ẹnì kan yóò bi wá pé, ta ni yóò ra dátà? Ìbéèrè gidi ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Ìlà ń fi owó oúnjẹ ra dátà, iná kì í dúró, ohun tí ó bá fi ránṣẹ́ síta sì ń jẹ nínú dátà rẹ̀ bí èyí tí ó gbà wọlé. A kò ní kí ó fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí àjèjì kan ní Jàkátà. Kí ó má ṣáà pa fáìlì náà rẹ́, kí ó dà á sí fúláàṣì ẹni tí ó jókòó tì í. Ṣebí bẹ́ẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì wáàsí ṣe ń rìn nígbà kan, tí ẹ̀dà ń bí ẹ̀dà láti ilé dé ilé? Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀n, tí iye kan náà ni wọ́n ń san lóṣooṣù bí wọ́n lò ó bí wọn kò lò ó, tiwọn yàtọ̀. Àwọn gan-an ni gbèsè yìí wà lọ́rùn wọn.

Ohun tí ó tọ́ láti pín ni a ń sọ o. Ìwé àwọn àgbà tí ó ti kú láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, wáàsí tí ẹni tí ó ṣe é ní kí a máa pín kiri, kò sí ìjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ààfáà tí ó wà láàyè, tí ó fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tí ó sì ń tà á lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, garawa onígarawa ni. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022 lórí ẹ̀tọ́ onǹkọ̀wé dáàbò bò ó pẹ̀lú. Ẹ lọ bá a, kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè yọ̀ǹda fún yín láti máa pín àwọn èyí tí ó ti tà tán.