Ẹni tí Gègé Kò Mú

Kí ẹ tó fi fóònù sílẹ̀ lọ wẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 1, ẹsẹ 15 sí 26. Ẹ kà á tán ná. Mo ń dúró dè yín.

Ṣé ẹ ti kà á? Ó dáa. Ta ni Jósẹ́fù tó wà níbẹ̀ yẹn? Kì í ṣe ọkọ Màríà o. Kì í ṣe èyí tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà sí Íjíbítì, kì í sì í ṣe ará Arimatíà tó tẹ́ òkú Olúwa sínú ibojì. Èyí ni wọ́n ń pè ní Bársábà, tí wọ́n tún ń pè ní Jústù. Ọkùnrin olórúkọ mẹ́ta, síbẹ̀ ẹsẹ kan ṣoṣo ni Bíbélì fi dárúkọ rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń lọ sílé Ọlọ́run, n kò rántí ọjọ́ tí mo gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀. Èmi alára kò sì ṣe é rí.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rèé. Júdásì ti kú, àyè ẹnì kan ti ṣófo nínú àwọn méjìlá. Àwọn tó pé jọ ní Jerúsálẹ́mù tó nǹkan bí 120. Pétérù dìde, ó ní ẹni tí yóò bọ́ sí àyè náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ti ń bá wọn bọ̀ láti ìgbà ìrìbọmi Jòhánù títí di ọjọ́ tí a gba Jésù lọ sókè. Ẹ fara balẹ̀ wo ìyẹn. Wọn ò wá ẹni tó dé lánàá. Ẹni méjì ni wọ́n fà kalẹ̀, Jósẹ́fù yìí àti Mátíà. A jẹ́ pé ní gbogbo ìgbà tí à ń ka ìtàn Pétérù àti Jòhánù, Bársábà náà wà nítòsí, a kò kàn rí i ni. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ-ẹ̀yìn yí padà lẹ́yìn Jésù, ní Jòhánù orí 6, òun kò bá wọn lọ.

Wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì ṣẹ́ gègé. Bíbélì wa pè é ní ìbò, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí à ń tò sínú oòrùn dì o! Gègé ni, irú èyí tó mú Sakaráyà bàbá Jòhánù tó fi wọ tẹ́ńpìlì lọ sun tùràrí. Gègé bá mú Mátíà. Ó parí. Lúùkù kò sọ ìdí. Kò sọ pé Mátíà mọ̀ jù, kò sọ pé Bársábà ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìwàǹwára ló ṣe Pétérù, pé Pọ́ọ̀lù ni Ọlọ́run ní lọ́kàn. Èmi ò gbà. Pọ́ọ̀lù kò sí níbẹ̀ láti ìgbà ìrìbọmi Jòhánù, àti pé nígbà tí ẹ bá dé orí 6, ẹ óò rí i pé “àwọn méjìlá” ni Lúùkù pè wọ́n. Ó ka Mátíà mọ́ wọn. Àyè náà ti ní ẹni tó ni ín. Ẹni tí kò rí i gbà ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀. Arábìnrin méjì kan ni, wọ́n jọ ń wá ọmọ. Wọ́n jọ gbààwẹ̀, wọ́n jọ kúnlẹ̀ ní ìṣọ́ òru kan náà, ọwọ́ kan náà yìí ni mo gbé lé orí àwọn méjèèjì. Nígbà tó yá, a sọ ọmọ lórúkọ fún ẹnì kan. Èkejì ló ń bu oúnjẹ fún àwọn àlejò lọ́jọ́ náà, òun ló sì dúró kó àga nígbà tí gbogbo ènìyàn lọ tán. Ó wá bá mi, ó ní, “Sà, ọjọ́ kan náà la jọ kúnlẹ̀. Ṣé Ọlọ́run gbọ́ ohùn tirẹ̀ ju tèmi lọ ni?” Mo yára dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, tìrẹ ń bọ̀.” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ lẹ sọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, sà.”

Ẹ̀yin ará, ojú tì mí. Òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ti fi gbólóhùn yẹn lé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, torí kí èmi fúnra mi lè rí ọ̀nà lọ sílé.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo bá Bársábà pàdé. Mo wò ó títí, mo ń wá ibi tí Ọlọ́run ti ṣàlàyé fún un. N kò rí. Ohun tí mo rí ni pé wọn ò kọ ọ́ níbì kankan pé ó bínú jáde. Orí tó tẹ̀ lé e gan-an ni ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Tí ó bá ṣì jókòó láàárín wọn, mo sì gbà pé ó ṣì jókòó, iná yẹn bà lé òun náà. Iná kò béèrè ẹni tí gègé mú. Eusebius, tó kọ ìtàn Ìjọ ní ọ̀rúndún kẹrin, tún sọ pé Papias, bíṣọ́ọ̀bù Hierapolis, ròyìn pé Jústù Bársábà yìí mu májèlé, oore-ọ̀fẹ́ Olúwa ni kò sì jẹ́ kó ṣe é ní nǹkan kan. Kì í ṣe Bíbélì o, n kò ní gbé ìgbàgbọ́ mi kà á. Àmọ́ ẹ gbọ́, ẹni tó bá ti fi ìbínú padà sílé, ta ni yóò máa pìtàn rẹ̀ láàárín àwọn onígbàgbọ́?

Lánàá, mo pe arábìnrin náà. Mi ò rí ìdáhùn kankan mú lọ. Mo tọrọ àforíjì, mo sì ka ẹsẹ yìí fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Sà, ó ṣe mí láàánú o. Lẹ́yìn tí wọ́n yan Mátíà tán, ṣé ẹnì kankan tiẹ̀ lọ jókòó tì í?”

Mi ò mọ̀ ọ́n dáhùn. Ṣùgbọ́n ìwọ tí gègé mú lọ́dún yìí, tí o rí iṣẹ́, tí o rí ọmọ, tí ara rẹ yá, o mọ ẹni tí ẹ jọ kúnlẹ̀. Pè é lónìí. Má wàásù fún un, má sọ pé tirẹ̀ ń bọ̀. Bi í léèrè bó ṣe jí.

Àdúrà: Olúwa, Ìwọ lo mọ ọkàn ẹni tí a yàn àti ẹni tí a kò yàn. Ẹni tó ń ka èyí tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, jókòó tì í ní òwúrọ̀ yìí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.