Ó Ha Tọ́ Kí A Sọ fún Ẹni tí Ọkàn Rẹ̀ Gbọgbẹ́ pé Kí Ó Gbàgbé?

Nígbà tí ewu ńlá bá ré lórí ènìyàn, ìbáà ṣe iná, ìbáà ṣe ọlọ́ṣà, ìbáà ṣe ajínigbé, àwọn ará a máa péjọ sí ilé rẹ̀ láti bá a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó sì wọ́pọ̀ jù lọ ní ẹnu wa ni pé, "Ẹ ṣá dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà, ẹ gbàgbé èyí tí ó ti kọjá." Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí olúkúlùkù ti padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀, a óò rí i pé ẹni náà kò tí ì lè sùn dáadáa. Bí ilẹ̀kùn bá dún, yóò ta gìrì. Kò sì jẹ́ gba ọ̀nà ibi tí nǹkan náà gbé ṣẹlẹ̀ mọ́. Nígbà náà ni ìfẹ́ wa a bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀sùn. A ní ojo ni. A ní ó ti ń ṣe é ní àṣejù. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Àwa fẹ́ kí àwọn òǹkàwé wa bá wa gbé ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò: ojúṣe ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ ha ni láti gbàgbé bí, tàbí àwa tí a yí i ká ni ojúṣe wà lọ́rùn wa?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe é. Àwọn baba wa wí pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ní wákàtí ewu, àyà ènìyàn a máa lù kìkì, èémí rẹ̀ a yára, oorun a sì dá lójú rẹ̀, kí ó lè sá tàbí kí ó lè jà. Nígbà tí ewu bá rékọjá, ara a máa rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ewu náà bá pọ̀ ju agbára ẹni lọ, ara lè máa ṣọ́nà síbẹ̀síbẹ̀ bí ẹni pé ọ̀tá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Òórùn kan, ariwo kan, tàbí àlá òru a sì mú ohun àtijọ́ padà bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìdààmú yìí a máa dínkù fúnra rẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù. Nínú àwọn mìíràn, kì í lọ bí kò ṣe pé a ràn wọ́n lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó yàn án fún ara rẹ̀.

Ó pẹ́ kí ayé tó gba èyí gbọ́. Nínú Ogun Ńlá ti 1914 sí 1918, àwọn ọmọ ogun kan a máa gbọ̀n láìdáwọ́dúró, àwọn mìíràn a yadi, láìsí ọgbẹ́ kan lára wọn. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹjọ́ ológun dá àwọn kan lẹ́bi pé ojo ni wọ́n tàbí pé wọ́n sá lójú ogun, a sì yìnbọn pa wọ́n. Ní 1980 ni àwọn oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà tó kọ àìsàn yìí sínú ìwé ìlànà wọn ní orúkọ tirẹ̀. Ní 2006 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dárí ji 306 nínú àwọn tí a pa wọ̀nyí. Ẹ wo bí ó ti wúwo tó láti pe aláìsàn ní ojo!

Kò tilẹ̀ yẹ kí a lọ jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Nínú ìwé tí Àjàyí Crowther kọ ní 1837, ó ròyìn bí a ti kó o lẹ́rú ní ìlú rẹ̀ ní 1821, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún 13. Nígbà tí ó fura pé a ó ta òun fún àwọn Potogí, oúnjẹ kọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ àìsàn, ó sì gbìyànjú ní òru mélòó kan láti pa ara rẹ̀. Ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864 ni a ń sọ yìí, òun tìkára rẹ̀ ni kò sì fi í pamọ́.

Ní 1822 ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ìgbàlà dé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò lọ. Lórí ọkọ̀ tí ó gbà wọ́n là náà ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí ẹran tí a so kọ́ àti ọta àgbá, wọ́n sì rò pé ẹran ara àti orí àwọn tí a jọ kó wọn ni. Kí ni ó lé ẹ̀rù náà? Wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀ lára ẹran náà. Wọ́n rọra sún mọ́ ọta wọ̀nyí, wọ́n sì rí i pé irin ni. Ní Sàró, ó rí ilé ẹ̀kọ́, ó kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ó sì wà láàárín àwọn tí ojú wọn ti rí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ọdún 16 kọjá lẹ́yìn tí a kó o kí ó tó kọ ìwé ìròyìn náà. Nígbà tí òun àti ìyá rẹ̀ sì padà rí ara wọn ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, wọ́n dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń wo ara wọn láìfọhùn, omijé sì ń dà lójú ìyá náà.

Ohun tí a rí nínú ìtàn yìí bá ẹ̀kọ́ àwọn oníṣègùn mu. Nínú ìwé tí Judith Herman, oníṣègùn ọkàn ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde ní 1992, ó to ọ̀nà ìwòsàn náà báyìí: àbò ni ìkíní, ìrántí àti ọ̀fọ̀ ni ìkejì, pípadà sí àárín ènìyàn ni ìkẹta. Àbò ni ó ṣáájú. Ìwádìí sì ti fi hàn pé mímú ènìyàn jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kété lẹ́yìn ewu, kí ó lè ro gbogbo rẹ̀, kì í dènà àìsàn yìí. Nítorí náà, bí kò ti yẹ kí a pàṣẹ fún un pé kí ó gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a fi ìbéèrè tú ọgbẹ́ rẹ̀.

Bí ìdààmú náà kò bá dínkù, kí a mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọkàn láìtijú. Ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta kan náà, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954, nínú èyí tí àwọn aláìsàn ọkàn ń gbé pẹ̀lú ìbátan wọn nínú àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, tí wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú. Ó mọ̀ pé ojú ẹbí àti ariwo ọjà pẹ̀lú jẹ́ oògùn.

Ẹnìkan lè wí pé, àwọn baba wa kan náà ni ó sọ pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì yóò rí ẹni bá ṣeré. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìjà àárín ọ̀rẹ́ ni òwe náà wà fún. Ti ọgbẹ́ ní òwe tirẹ̀: ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ọwọ́ tí ó ní àpá ṣì lè di ọkọ́ mú, ó ṣì lè gbé ọmọ pọ̀n.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ tí ó mọ̀wé tẹ́lẹ̀ bá ń sùn ní kíláàsì lẹ́yìn tí àjálù dé bá ilé wọn, ẹ wádìí kí ẹ tó mú pàṣán. Ẹ̀yin ará, bí ẹ ti lọ kí i ní ọjọ́ kìíní, ẹ tún lọ ní oṣù kẹta. Ẹ bá a rìn gba ọ̀nà tí ó ń bẹ̀rù, bí òun bá fẹ́, títí dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá lè dé ní ọjọ́ náà. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́. Bí ó bá dákẹ́, ẹ jókòó tì í. Gbígbàgbé kì í ṣe gbèsè tí ó jẹ wá. Ìdúróṣinṣin ni gbèsè tí àwa jẹ ẹ́.